Jíà Tí Wọ́n Fi Rọ́bà So ní Ìrólé

"So ó."

"Bàbá, mi ò ní so ó."

"Mo ní kí o fi rọ́bà yìí so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Àná kọ́ lo dáyé, o mọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó."

"Mo mọ̀ ọ́n ta. Rọ́bà kọ́ ni oògùn jíà tó ń fò jáde."

"Ìwọ lo ni mọ́tò ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ta ló ń wà á?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Gbé rọ́bà mi fún mi."

Ẹni tó gba rọ́bà yìí ni Bàbá Fáníyì, tó ni jíìpù kan ṣoṣo tó lè gun òkè Arárọ̀mí lásìkò òjò. Ẹni tó sọ rọ́bà náà sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbínú ni Sùbérù, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ọlọ́dà ní ìlú Ìrólé. Àárọ̀ kùtù ni. Òjò tó rọ̀ mọ́jú kò tíì gbẹ lórí páànù, ohùn àwọn méjèèjì sì ti jí àdúgbò.

Jíìpù àtijọ́ ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, ìjókòó rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Òun ló ń kó kókó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti Arárọ̀mí, òun ló ń gbé aboyún tó ń rọbí wá sí ìlú, òun náà ló sì ń gbé òkú àwọn àgbà oko padà sókè lọ sin. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn jíà ńlá tí gbogbo mọ́tò ní, jíà kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tiransifá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ó ní ọ̀pá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ńlá. Lórí títì gbígbẹ, ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn nìkan ló yẹ kó máa fa ọkọ̀. Bó bá kan ẹrẹ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, awakọ̀ yóò fa ọ̀pá náà kí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin lè máa ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Fáníyì kì í kúrò lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìbáà jẹ́ ẹrẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀dà. Ó ní ewúrẹ́ kì í ká ẹsẹ̀ méjì kò nítorí pé ó dé ilẹ̀ tó tẹ́jú. Sùbérù ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní lórí ẹrẹ̀, taya a máa yọ̀ díẹ̀, ara a sì tu jíà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà gbígbẹ kò fàyè gba yíyọ̀, bẹ́ẹ̀ bí mọ́tò bá ń yí kọ́nà, ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà. Eyín inú tiransifá ló ń jìyà ìjà tó wà láàárín wọn. Bàbá Fáníyì a ní òun ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí Sùbérù. Òótọ́ sì ni.

Nígbà tó wá di pé ọ̀pá náà ń fò jáde fúnra rẹ̀ lórí òkè, Bàbá gbé ọkọ̀ wá. Sùbérù kọ́kọ́ wà á yí àdúgbò ká, ó ń pààrọ̀ jíà ńlá láti orí kìíní dé orí ìkẹyìn, kó má baà jẹ́ pé jíà ńlá ló ṣẹ̀ tí wọ́n ń lu kékeré. Igbe irin tó ń gbọ́ nísàlẹ̀ kò yí padà, ó wá mọ̀ pé kékeré ló ṣẹ̀. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó di ṣáfútì, ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ọwọ́ rẹ̀ ti rìn jìnnà kó tó gbọ́ kọ̀ọ̀ nínú irin, àmì pé eyín inú ti jẹ. Ó tú ọ́ìlì sílẹ̀ sínú abọ́, ó fi ìka rò ó, eérún irin sì ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí Bàbá fi í sílẹ̀, òun gbọ́dọ̀ ṣí i. Bàbá ní kò ṣeé ṣe, ẹrù kan wà tí òun gbọ́dọ̀ gbé gòkè lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹrù náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ páànù, ó gbé báàgì lé itan. Abọ́sẹ̀dé ni, ọmọbìnrin Bàbá Fáníyì, tí wọ́n gbé fún Ajéwọlé ní Arárọ̀mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ti fi ẹsẹ̀ rin láti orí òkè wá sílé bàbá rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ajéwọlé mọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, iṣu tuntun rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ilé àna, Bàbá sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé sá wá kẹ́yìn, Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e padà. Lójú gbogbo ẹbí ọkọ, ó wí fún Ajéwọlé pé ọkùnrin tí kò lè mú aya rẹ̀ mọ́lé kò tíì di ọkọ, kó gba ọ̀nà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó tún jáde mọ́.

Àṣà kan sì wà ní agbo ilé Bàbá Fáníyì. Bí ọmọbìnrin tí wọ́n ti gbé fọ́kọ bá sá wálé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í ní ohun tó lé e wá. Wọ́n ní ẹni tí a bá bi léèrè yóò rojọ́, ẹni tó bá rojọ́ yóò sunkún, ẹni tó bá sì sunkún ni a ó gbé omi ìwẹ̀ fún. Kí a tó mọ̀, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti di dálémoṣú. Nítorí náà, wọ́n ń fún un lóúnjẹ, wọn kì í fún un ní ìbéèrè. Ìyá Abọ́sẹ̀dé ìbá bi í ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ti kú.

Bàbá Fáníyì so ọ̀pá tiransifá mọ́ ẹsẹ̀ àga pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó fa rọ́bà náà le, ó ta á ní kókó méjì. Sùbérù ju sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpótí irin, ó dún gbàà. Ó lọ gbé ègé igi tó nípọn méjì tó fi ń dá taya dúró, ó sì gun ẹ̀yìn jíìpù. Bàbá bi í pé ta ló pè é. Ó ní kò sẹ́ni tó pe òun, pé bí mọ́tò náà bá máa kú, òun fẹ́ wà nítòsí kí òun lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn rẹ̀.

"Orí ẹ ló máa kọ́kọ́ kú," ni Bàbá wí, ó sì tan ẹ́ńjìnnì.

Abọ́sẹ̀dé jókòó síwájú. Bàbá ní rọ́bà náà ń rọ̀ díẹ̀, nítorí náà kó fi ẹsẹ̀ ti ìdí ọ̀pá náà, kó má sì gbé e kúrò. Báyìí ni wọ́n ṣe gun títì. Orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n wà lórí ọ̀dà, ọwọ́ ìwakọ̀ wúwo, taya sì ń han ní gbogbo kọ́nà. Bàbá ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ó ní ìyá Abọ́sẹ̀dé kò gbé báàgì jáde nílé òun rí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ó ní àwọn ọmọ òde òní rò pé ilé ọkọ ni ibùdókọ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ó ní orúkọ òun kò ní bàjẹ́ ní Ìrólé nítorí ẹsẹ̀ tí kò gbélé.

"Bàbá," ni Abọ́sẹ̀dé wí.

Bàbá gbé ọwọ́ kan sókè kúrò lórí ọwọ́ ìwakọ̀. "Mi ò bi ẹ́."

Sùbérù lẹ́yìn gbọ́ ọ, ó sì tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Arárọ̀mí ni wọ́n ń pè ní Má-wẹ̀yìn. Ọ̀nà tóóró ni, ògiri amọ̀ lápá kan, igi kókó lápá kejì, òjò sì ti sọ ọ́ di ọ̀rá. Jíìpù fi orí lé e. Wọn kò tíì dé ìdajì tí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀ wọn bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ọ̀pá náà ń ti ẹsẹ̀ Abọ́sẹ̀dé bí ìwo màlúù.

"Ó ń tì mí."

"Tẹ̀ ẹ́."

"Bàbá, ó fẹ́ jáde."

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Bàbá tẹ iná, ó fún ẹ́ńjìnnì lóúnjẹ. Nǹkan kan bú nísàlẹ̀ bí ìbọn ọdẹ, rọ́bà já, ọ̀pá náà sì na Abọ́sẹ̀dé ní ojúgun. Ẹ́ńjìnnì ń ké lásán, taya kankan kò dá a lóhùn mọ́. Jíìpù dúró fún ìṣẹ́jú akàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Bàbá dúró lórí bíréèkì tọkàn-tara, ṣùgbọ́n taya tó dúró náà ń yọ̀ lórí amọ̀. Sùbérù fò sílẹ̀, ó ju igi àkọ́kọ́ sábẹ́ taya, ẹrẹ̀ gbé e lọ. Ó ki èkejì bọ ibi tí òkúta wà, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Jíìpù gun igi náà, ó mì, ó fi ìdí gbá ògiri amọ̀, ó sì dúró.

Bàbá Fáníyì sọ̀kalẹ̀. Ó sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ di ìbínú lójú ẹsẹ̀.

"O gbé ẹsẹ̀."

"Mi ò gbé e, Bàbá."

"O gbé e. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí gbogbo wa kú ju pé kí o relé ọkọ lọ."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ wo abẹ́ ọkọ̀ níbi tí ọ́ìlì ti ń ṣàn sórí amọ̀. Sùbérù kúnlẹ̀ síwájú Abọ́sẹ̀dé, ó ya etí ẹ̀wù ara rẹ̀ láti fi di ojúgun tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó sún ìró sókè díẹ̀, ó rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àpá okùn yí i ká, èyí tó ti jinná tó dúdú, àti òmíràn lórí rẹ̀ tó ṣì pupa. Ó gbójú sókè. Abọ́sẹ̀dé ti fa ìró rẹ̀ bọlẹ̀.

"Ẹ má sọ fún wọn, Bọ̀dá Sùbérù," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á béèrè."

Ọkọ̀ agbégi kan tó ń kọjá nídìí òkè ló fi wáyà gígùn fa jíìpù náà sọ̀kalẹ̀, ó sì wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí Sùbérù máa ṣí tiransifá, Bàbá Fáníyì gbé àga wá síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí mẹkáníìkì má baà purọ́ fún òun. Ó mú Abọ́sẹ̀dé lọ́wọ́, kó wá wo ohun tó bàjẹ́. Sùbérù kò kí wọn ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Ó ti sọ tiransifá náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Ìkarahun rẹ̀ ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tú u. Ṣéènì inú rẹ̀ ti fà, ó rọ̀ jọwọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá arúgbó, irin tó rí bí fọ́ọ̀kì tó ń ti jíà síbi tó yẹ ti jẹ dé ìdajì, eyín jíà tó ti kán sì wà nínú ọ́ìlì.

Sùbérù mú jíà kan, ó nù ún, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá. Ó ní kó fi ìka kan án. Etí eyín tó yẹ kó gún ti yọ́ bí etí ọṣẹ tí wọ́n ti ń lò tipẹ́.

"Nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì bá fi agbára fà, eyín wọ̀nyí á yọ̀ kúrò lára ara wọn, wọn á sì ti ọ̀pá jáde. Ọ̀pá kọ́ ló ṣẹ̀. Wọ́n ń lé e ni."

"Ta ló jẹ eyín rẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rin lórí ọ̀dà gbígbẹ."

Ojú Bàbá le. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi hàn kó tó di pé ó fọ́?"

"Ó fi hàn. Ó ń fò jáde. Ibẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Fífò yẹn ló sì fi ń gba ara rẹ̀ là. Ìgbà tí ẹ so ó, tí kò rọ́nà fò mọ́, ló wá fọ́." Sùbérù na ọwọ́ sí Abọ́sẹ̀dé. "Ẹni yìí kò gbé ẹsẹ̀. Ká ní ó gbé e ni, jíà á fò, ẹ á tẹ bíréèkì, ẹ á bú u, ẹ á sì padà sílé. Ẹsẹ̀ tí ẹ ní kó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló fọ́ ọ."

Bàbá kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ jókòó sí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò yé béèrè nípa jíà. Ó béèrè ìgbà tí eyín náà ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ó béèrè bóyá igbe tó ń gbọ́ lọ́dún èṣí wà lára rẹ̀, bóyá ọ́ìlì ló kéré, bóyá ó ń dùn ún nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè tàbí ìgbà tó ń gùn ún nìkan. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó jókòó ti ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Abọ́sẹ̀dé gbé ẹsẹ̀ tó wú lé orí taya àlòkù, ó ń gbọ́ ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sùbérù lọ sí Ìbàdàn, ó rí ìkarahun tó dára lára jíìpù kan tí igi wó lù. Ó ra ṣéènì àti bíárìn tuntun, ó pààrọ̀ jíà tó kán àti irin tó rí bí fọ́ọ̀kì, ó fi sípíríǹgì tó lágbára sídìí ọ̀pá, ó fi rọ́bà tuntun dí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Ó ń ṣe é bí ẹni ń jà. Ní gbogbo àsìkò náà, kò sí ọkọ̀ tó lè gun Má-wẹ̀yìn, nítorí náà Abọ́sẹ̀dé wà nílé bàbá rẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń gbálẹ̀, ó ń di egbò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Bàbá Fáníyì mú Abọ́sẹ̀dé dání wá sí ṣọ́ọ̀bù, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá nìkan ló wa jíìpù jáde láti dán an wò. Ó fi ẹsẹ̀ méjì rin ọ̀dà bí Sùbérù ṣe wí, ó fà á sí mẹ́rin nídìí òkè, ó gun Má-wẹ̀yìn dé òkè téńté, ó sì padà. Ọ̀pá náà kò mira. Nígbà tó wọ àgbàlá ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Sùbérù, ọwọ́ ẹ ò ní kán. Ó ti dára. Abọ́sẹ̀dé, gbé báàgì ẹ wọlé, ká máa lọ."

Ọwọ́ Sùbérù dúró lára àkísà tó fi ń nù ún. "Bàbá, ẹ bi í."

"Kí n bi í ní kí ni?"

"Bí ẹ ṣe bi mí nípa jíà."

"Ọmọ mi kì í ṣe jíà."

"Òótọ́ lẹ wí. Jíà ní mẹkáníìkì."

Bàbá ti ya ẹnu láti bú u, ṣùgbọ́n Abọ́sẹ̀dé dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ibi ìtẹ̀gùn jíìpù bí ẹni tó fẹ́ wọlé, ó wá fa ìró rẹ̀ sókè kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó fi í síbẹ̀ títí Bàbá fi rí i dáadáa.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹni tí ẹ ní kó gba ọ̀nà tó bá wù ú mú mi mọ́lé. Okùn ló wù ú."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Abọ́sẹ̀dé sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì, ó kọjú sí títì tó lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀ ti ń ránṣọ. Bàbá Fáníyì sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù. Ó ní kó dúró, òun máa gun òkè lọ bá Ajéwọlé nísinsìnyí, òun máa là á yé e, kò ní so ó mọ́, kó ṣáà wọlé kí àwọn jọ lọ. Abọ́sẹ̀dé kò dúró. Bàbá yíjú sí mẹkáníìkì, ó kígbe pé, "Sùbérù, dì í mú."

Sùbérù na ọwọ́ wọ inú jíìpù, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo ibẹ̀ wá dákẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń tún taya ṣe ní ìkángun títì gbọ́ ohun tí Abọ́sẹ̀dé sọ láìgbé ohùn sókè. Àwọn ló gbé e dé ọjà, ọjà gbé e dé oko, títí ó fi di òwe tí àwọn àgbà Ìrólé ń pa títí dòní fún ẹni tó ń fi agbára mú ènìyàn dúró láìwádìí. Abọ́sẹ̀dé ti dé etí ọ̀dà nígbà náà. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ní:

"Ohun tó bá ń sá jáde, ẹ má so ó mọ́lẹ̀, ẹ bi í pé kí ló ń lé e."